Ta Ló Ń Kọrin Yẹn?

Mo dé Mọ̀níyà ní Ìbàdàn ṣáájú ọkọ̀ ojú irin Èkó lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ọkọ̀ yẹn bá ti fi sílẹ̀ lọ rí kì í fi àkókò ṣeré mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí Micra, mo wo aago, mo rí i pé àyè ṣì wà, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè, tí wọ́n sì ń bá èèyàn chájì fóònù. Fóònù tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gba fóònù, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ nídìí. Lẹ́yìn rẹ̀, sípíkà kan tí kò ju agolo mílíìkì lọ ń kọrin.

Ohùn obìnrin méjì ni mo gbọ́. Wọn ò pariwo. Ọ̀kan ń lọ lókè, èkejì ń tọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, kò sì sí ibi tí ọ̀kan ti já èkejì sílẹ̀. Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ nínú orin náà, èyí tí kì í fi àmì sí abẹ́ "s", lórí bíìtì tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń jó sí. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́. Mo ní, "Ta ló ń kọrin yẹn?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní, "Orin mi ni, mà."

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ yìí sílẹ̀ díẹ̀, màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ó tó la ẹnu, orúkọ mìíràn ti sọ sí mi lọ́kàn, orúkọ tí ó yẹ kí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ bí wọ́n ti mọ Màpó, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Lijadu Sisters.

Ìbejì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Jos ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹwàá 1948, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n gbọ́njú sí. Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí etí ọmọdé lè sùn. Ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ tó wá di Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV gbé àwòrán àkọ́kọ́ jáde ní ìlú yìí, ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959. (Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Fọláṣadé Adú sí Ìbàdàn, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sade. Òun tètè bá ìyá rẹ̀ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti tàn.) Ìyá àwọn ìbejì yìí kò ní kí wọ́n má fetí sí orin ayé, rẹ́kọ́ọ̀dù ń kọ nínú ilé, àwọn ọmọ sì ń gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì jẹ́ ìbátan wọn, ṣùgbọ́n wọn ò kọrin bíi tirẹ̀, wọn ò sì jókòó sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ elégbè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní sitúdíò. Ohùn wọn ń ti orin ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni Decca gbé "Ìyá Mi Jọ̀wọ́" tiwọn jáde. Nígbà tó fi máa di 1972, wọ́n ti bá Salt, ẹgbẹ́ Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì tó wá fi Nàìjíríà ṣe ilé, dé Munich ní Jámánì lákòókò ìdíje Òlíńpíìkì. Àwo wọn àkọ́kọ́, Urede, jáde ní 1974. Lẹ́yìn náà ni èyí tí mo máa ń kà lórí ìka bí ẹni ń ka ọmọ: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Àwo mẹ́rin ní ọdún mẹ́rin, lábẹ́ Afrodisia, ẹ̀ka Decca ní Nàìjíríà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn. Biddy Wright, ọ̀gá nídìí ohun èlò orin, ló bá wọn to ohùn gìtá àti dùùrù pọ̀.

Lójú tèmi, Danger ló ga jù nínú gbogbo wọn. Ẹ fi sí i lálẹ́, ní àkókò tí àwọn jẹnẹrétọ̀ bá ti dákẹ́. Gìtá ń tanná, ìlù ń yí po, àwọn ìbejì yìí sì dúró láàárín rẹ̀ láìyára, bí ẹni tó mọ̀ pé ilé òun ni òun wà. Àkọlé àwọn orin inú rẹ̀ ti tó kí èèyàn mọ ohun tó ń dùn wọ́n: ewu, olófòófó, ẹni tó ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wá owó, ayé tó ń rẹlẹ̀ sí i. Kì í ṣe orin "ẹ wá wo bí mo ṣe rẹwà tó." Ọ̀dọ́bìnrin méjì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ń wo ìlú tí owó epo ti gun orí rẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí. Bí ọkùnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ajàjàgbara là ń pè é. Àwọn, "àwọn ìbejì tó ń kọrin" ni wọ́n ń jẹ́.

Ọdún 1979 kan náà ni Jeremy Marre, ayàfíìmù ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ya Konkombé nípa orin Nàìjíríà. Àwọn Lijadu wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rí i pé wọn kì í ṣe àlejò láàárín àwọn olórin ìgbà wọn. Ẹ̀yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ dé. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, Shanachie tẹ àkójọ orin wọn kan, Double Trouble, jáde níbẹ̀ ní 1984, wọ́n kọrin díẹ̀ ní New York. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Eré orí ìtàgé kú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí kò sí Lijadu kan láìsí èkejì.

Nígbà tí ariwo wọn tún máa dìde, òkèèrè náà ló ti wá. Knitting Factory Records tún àwọn àwo Afrodisia yẹn tẹ̀ láti 2011 sí 2012. Ní 2014, wọ́n pè wọ́n sí ìrìn àjò kan tí wọ́n ti ń kọ orin William Onyeabor, olórin Nàìjíríà, wọ́n sì gun orí ìtàgé nílùú òyìnbó. Kẹ́hìndé kú ní ọjọ́ 9 Oṣù Kọkànlá 2019. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n nílé wa, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Lọ́tẹ̀ yìí òun ló ṣáájú. Ní 2024, Numero Group, ilé iṣẹ́ ará Chicago, tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àwo náà.

Shanachie, Knitting Factory, Numero: ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò bínú sí wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti Dùgbẹ̀ sí Challenge, ní ìlú tó wo àwọn ọmọ yìí dàgbà, ó ṣòro kí n rí ẹni tó lè mú orin wọn kan lẹ́nu. A mọ Dáúdà Epo Àkàrà, a mọ Tátàlọ́ Àlàmú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí etí wa fi yọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀?

Mo ti rò ó títí, òde ìnáwó ni mo sì máa ń bá a já sí. Olórin jùjú àti olórin fújì kì í jẹun lórí àwo nìkan. Ìnáwó ló ń bọ́ wọn: ìsìnkú, ìkómọ, ìṣílé, oyè. Wọ́n á ki olówó, olówó á náwó lé wọn níwájú orí, orúkọ olórin á sì máa ti òde kan dé òde kejì. Orin àwọn Lijadu kò ki ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tí olówó máa dúró sí nínú rẹ̀ kí wọ́n pè é lórúkọ. Orin àgbọ́jókòó ni, orin inú yàrá, orin rédíò àti pẹpẹ ìtàgé. Orin tí kò bá ní òde tó ń bọ́ ọ, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí ilé iṣẹ́ bá ti kó téèpù sínú àpótí, ó parí.

Ẹ wo orin wákà, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Obìnrin ló ni ín. Bátílẹ̀ Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló gbé e wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí ní 1961, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé a gbàgbé Sàláwà. Ìdí ni pé wákà ti ní àpèjẹ tirẹ̀ kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé: àsàlátù, wòlímọ̀, ìpàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Obìnrin ń kọrin fún obìnrin níbẹ̀, obìnrin náà ló sì ń náwó. Orin ìgbàlódé kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti wọ inú ẹgbẹ́ tí ọkùnrin ló ni gìtá, tí ọkùnrin ló ni ìlù, tí ọkùnrin ló ni mọ́tò tó ń kó wọn lọ, kí ó sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Àwọn aládùúgbò wá ń ka iye ọjọ́ tí kò sùn nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Queen Ọládùnní Decency. Obìnrin yìí kò dúró de ẹni tó máa ta gìtá fún un. Ó ta á fúnra rẹ̀, ó darí ẹgbẹ́ jùjú tirẹ̀, Unity Orchestra, ní àárín àwọn ọdún 1970 nígbà tí jùjú jẹ́ oko ọkùnrin pátápátá. Ikú kò jẹ́ kó dàgbà. Nígbà tí èèyàn bá ń ka ìtàn jùjú, láti Túndé King dé Ṣínà Peters, ojú ìwé pọ̀ tí kò dárúkọ rẹ̀.

Nígbà míì, ẹni tó jìnnà gan-an ló ń wá mú èdè wa dání. Christy Essien-Igbokwe kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Akwa Ibom ni. Síbẹ̀, "Ṣeun Rere" tó kọ ní 1981 ti di orin tí ìyá Yorùbá fi ń tọ́ ọmọ. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà, ni. Mo mọ àwọn tó mọ orin yẹn látòkè délẹ̀ tí wọn ò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Nílẹ̀ Tógò, Bella Bellow, akọrin ọmọ Tsévié, bọ́ sójú ayé fún ìgbà díẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ pa á ní Oṣù Kejìlá 1973 kí ó tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé a kì bá tí gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́ ní apá tiwa yìí. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin kan ní orílẹ̀-èdè Benin, Angélique Kidjo, ti gbé ohùn rẹ̀ mì. Ní 11 Oṣù Kọkànlá 2018, nígbà tí àwọn olórí ayé pé jọ sí Paris láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, tí wọ́n ní kí Kidjo kọrin, "Blewu" ti Bella Bellow ló kọ. Ó lè kọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Nígbàkigbà tí mo bá rántí, omi máa ń lé sí mi lójú.

Lóde òní, wọ́n ní nǹkan ti yàtọ̀. Lóòótọ́, ó ti yàtọ̀. Kò sí pé kí ọmọ Mọ̀níyà máa lọ bẹ Decca ní Èkó mọ́. Fóònù kan, dátà díẹ̀, orin ti dé orí Audiomack, Boomplay, àti Spotify tó wọ Nàìjíríà ní Oṣù Kejì 2021. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣí sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọjà náà kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní owó tí yóò fi pariwo lè wà láàárín ọjà kí ẹnikẹ́ni má rí i. Sitúdíò náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Àwọn ló ń ṣe bíìtì, àwọn ló ń gba ohùn, àwọn ló ń to orin. Olórin Simi rí èyí ní tirẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ náà: òun fúnra rẹ̀ ló ń to ohùn orin rẹ̀, òun náà ló to àwo Gold tí Adékúnlé Gold ṣe ní 2016. Nígbà tó kúrò lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó wà ní 2019, ó dá Studio Brat sílẹ̀. Bí èèyàn bá ti mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò lè pa á fún un.

Ọmọ Mọ̀níyà tiwa yìí kò tíì débẹ̀. Mo jókòó sórí àga tó nù fún mi, mo sì ní kó sọ tirẹ̀. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ohùn. Sitúdíò tó ń lò wà ní Àgbowó, nínú yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Iṣẹ́ òru kò tó ti ọ̀sán lówó níbẹ̀, nítorí ariwo mọ́tò kì í pọ̀ lóru, iná sì máa ń wá díẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ òru. Nítorí náà, owó ọ̀sán ni ó ń san, èyí tó já sí pé orin kan péré ló ń jáde nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin bá ti ṣe mẹ́ta. Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí ló gún mi jù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ "obìnrin kì í sùn síta" ti di iye owó.

Mo bi í bóyá òun àti ọmọkùnrin tó ṣe bíìtì fọwọ́ sí ìwé kankan. Kò sí ìwé. Mo sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun ti wà, èyí tí Ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù ní Oṣù Kẹta 2023, ṣùgbọ́n òfin kò lè gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan. Bébà kan tó. Kí wọ́n kọ ẹni tó ṣe bíìtì, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó kọrin, àti ìdá tí olúkúlùkù máa mú. Ó fi orí gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Àwọn èèyàn máa ń bi mí níbo ni mo ti ń rí àwọn olórin tí wọn ò gbọ́ rí. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Mo máa ń ka ẹ̀yìn àwo. Lẹ́tà wínníwínní yẹn, tó dárúkọ àwọn elégbè, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù, mo máa ń tẹ orúkọ kejì, ẹni tí wọ́n ní ó "bá" olókìkí kọ ọ́, mo sì máa ń lọ wo ohun tó dá ṣe. Mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá jù lọ lọ́sẹ̀ tí adarí wọn ò bá wá. Mo tún máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, bí wọn ò bá tíì ta gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó. Nígbà tí mo bá sì gbọ́ ohun tó dára níbikíbi, nínú mọ́tò, nílé onírun, níbi tí mo ti ń jẹ àmàlà, mo máa ń béèrè ẹni tó ń kọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ìbéèrè yẹn ti ṣọ̀wọ́n tó. A máa ń sọ pé "orin yìí dùn", a sì ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Fóònù mi ti gba iná díẹ̀. Ọkọ̀ Èkó kò ní í pẹ́ gbéra, kìlómítà 157 sì wà níwájú mi. Mo san owó chájì, mo ra káàdì, mo ní kó fi orin náà ránṣẹ́ sí mi, kó sì kọ orúkọ tó ń fi kọrin sínú ìwé mi kí n má baà ṣì í kọ. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, ó fara balẹ̀.

Mo wá bi í ní ohun tó ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti dé. "Tòkè ni tìrẹ àbí tìsàlẹ̀? Ta ni ẹnì kejì rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà ni, mà. Èmi ni mo kọ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi ló ni tìsàlẹ̀, ibi rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí a ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lọ sílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn, kò ráyè wá mọ́. Mo wá kọ tèmi tán, mo tún padà kọ tirẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ọ́."

Mo jókòó padà. Mo ṣí ìwé náà, mo ní kó sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ tirẹ̀, mo sì sáré lọ wọ ọkọ̀.